Mo Fi Wisikí Bojú Lọ Wádìí Ilé Àna Mi

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún ìyàwó mi lẹ́yìn mi pé ọtí ni mo bá lọ, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òótọ́ ni pé mo mu wisikí ní Sìkọ́tíláǹdì. Mo mu oríṣiríṣi tí n kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ọtí ni mo ṣe wọ bàálù. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.

Gbogbo ẹni tó bá ti ra símẹ́ǹtì tàbí páànù lọ́wọ́ mi ní Òmù-Àrán ló mọ̀ pé wisikí kan ṣoṣo ni mò ń mu. Àwòrán kọ́kọ́rọ́ wà lára ìgò rẹ̀, a sì ń pè é ní Oníkọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Yìnyín díẹ̀ nínú ife, orógbó kan tí mo bá ń gé jẹ sí i, ó parí. Ẹni tó bá gbé òmíràn wá, màá kí i káàbọ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, màá sì ní kó rọra gbé e padà lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ni ìwádìí. Bí ọmọ ilé wa bá mú àfẹ́sọ́nà wá, èmi ni ẹbí máa ń rán lọ yẹ ilé àna wò. Ṣé kò sí olè níbẹ̀? Ṣé kò sí wèrè? Ṣé kò sí ọ̀mùtí? Ṣé wọn kì í na obìnrin? Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Tó bá jẹ́ Òwu-Ìsin ni mo fẹ́ lọ, màá lọ bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. Tó bá jẹ́ Òkè-Onígbìn, màá ní ilẹ̀ oko ni mò ń wá yá. Kí n tó ná iṣu kẹta, màá ti mọ ohun tí bàbá bàbá ọkọ ṣe tó fi sá kúrò nílùú nígbà kan.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí já wa kulẹ̀. Ìdílé kan ní ìhà Ganmo ni. Gbogbo àdúgbò ló yìn wọ́n, tọmọdé tàgbà. Kò pé ọdún méjì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ilé ọkọ náà tó fi padà wálé pẹ̀lú ojú wíwú. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, Alhaji, ni olórí ẹbí wa. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti dárúkọ àna níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n koko.

Ẹ wá wo bí ilé wa ṣe rí nígbà tí Títí, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ́díńbọ́rà, pè wá pé òun ti rí ọkọ, àti pé òyìnbó Sìkọ́tíláǹdì ni. Ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i kí èmi tó gbọ́ rárá. Alhaji kò fọwọ́ sí nǹkan kan.

"Ìwọ lo máa lọ," ló wí fún mi. "Ṣé torí pé wọ́n jẹ́ òyìnbó la ò ní béèrè ilé wọn ni? Lọ wò wọ́n. Tó o bá ní ó dáa, mo ní ó dáa. Tó o bá ní kò dáa, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

Títí náà sọ tirẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá mi, tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní fẹ́ ẹ. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kọjá ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn o."

Ọmọ mi ni, mo mọ̀ pé kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ẹnu mi nìkan ni ayé rẹ̀ wà báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí.

Mo wá ronú ohun tí màá fi bojú. Wọn kì í ta iṣu lọ́hùn-ún. Mo ní kí Títí sọ fún ọmọkùnrin náà pé bàbá òun fẹ́ràn wisikí, pé ó ti sú u láti máa mu ẹyọ kan láti kékeré, pé ó fẹ́ tọ́ àwọn yòókù wò láti ìlú dé ìlú. Irọ́ gbuu ni. Oníkọ́kọ́rọ́ kò sú mi rí.

Ìlú olókùúta

Òkúta ni gbogbo Ẹ́díńbọ́rà. Ilé òkúta, títì òkúta, àní ilé ọba wọn àtijọ́ orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí. Èmi tí mò ń ta símẹ́ǹtì, mo wò ó títí, mo ní àwọn wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí n jẹun. Òtútù ibẹ̀ kì í lu ènìyàn láti ìta, inú egungun ló ti ń jáde wá.

Kálọ́ọ̀mù, ọmọkùnrin náà, ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú Títí. Ó ga, irun rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ Òmù-Àrán. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ mi kí n tó dá a lóhùn. Mo fi àmì kan sí i fún un nínú ọkàn mi. Àmì kan ni o. Ọmọ ìdílé Ganmo yẹn náà gba báàgì lọ́wọ́ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kíra wọn. Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, ó sì bi mí bóyá mo ti sọnù.

Kálọ́ọ̀mù mú mi lọ sí ilé ọtí kan nírọ̀lẹ́. Ìgò wisikí bo ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, bí ìwé ṣe ń bo ògiri ilé lọ́yà. Mo béèrè Oníkọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin tó ń ta ọtí bẹ̀rẹ̀, ó wá a lábẹ́ káńtà, níbi tí wọ́n ń tọ́jú èyí tí wọ́n fi ń lú mínírà. Ó nu eruku ara rẹ̀ níṣojú mi. Ó dùn mí o! Ọtí tí mo fi ń ṣe àlejò àwọn ọba!

"Ẹ jẹ́ kí n bu òmíràn wá fún yín, bàbá," ló wí, ó sì na ife kan sí mi. Ọwọ́ òsì ni. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo Títí, Títí sì ń wo àjà. Mo gbà á. Àlejò kì í kọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń nawọ́.

Ọtí náà funfun díẹ̀, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu. Ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé omi tí a fi ṣan ife wisikí ló fún mi, kó wá gbé wisikí náà wá báyìí. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín débi pé ó di káńtà mú. Kò bínú rárá. Mo rí i pé bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ ọtí níbẹ̀, kò sí ohun tí kò lè sọ.

Èyí ló gbà mí láyè láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo bá wá. Nígbà tí Kálọ́ọ̀mù lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sún mọ́ ọ̀gá náà. "Ọmọkùnrin yìí, ṣé ẹ mọ ilé wọn?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń fi imú mutí

Ọ̀nà àríwá ni a gbà lọ lẹ́yìn èyí, àwa mẹ́ta, nínú ọkọ̀ Kálọ́ọ̀mù. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, àgùntàn sì pọ̀ ju ènìyàn lọ. Odò kan wà níbẹ̀ tí ilé ìpọntí tò sí etí rẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń tò sí etí títì.

Nínú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti rí ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ń se wisikí. Ó tóbi ju yàrá lọ, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti ìgò. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri ṣàlàyé títí: wọ́n á se é, ooru rẹ̀ á gòkè, á gba inú ọ̀pá kọjá, á tutù, á sì kán sílẹ̀. Mo ní, "Màdáámù, ògógóró nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ìlàjẹ ṣe ń se é létí òkun, mo fojú mi rí i nígbà tí mo ń gbé Ìkòròdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúrọ́ọ̀mù ni tiwọn. Ó ní òtítọ́ ni, pé omi funfun báláú ni tiwọn náà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àgbá igi tó ń sùn sí fún ọdún púpọ̀ ló ń fún un ní àwọ̀ àti adùn. Mo ti ń mu wisikí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, n kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ògógóró. Ọ̀kan rí ibi sùn, èkejì kò rí ni.

Wọ́n wá bu ọtí fún wa nínú ife kékeré onídìí róbótó. Gbogbo àwọn àlejò yòókù ti imú bọ ife, wọ́n dijú, wọ́n ń fín in sínú. Èmi kò ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nílé wa, ọmọ tó bá ń gbóòórùn oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un, ìgbájú ni yóò jẹ. Ṣé ó fura sí ẹni tó sè é ni? Obìnrin yẹn ń bẹ̀ mí, "Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kọ́kọ́, sà." Mo ní rárá, pé èmi fọkàn tán an.

Ìgbà tí Títí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà ni mo tó yọ́ imú sún mọ́ ọn, ìwọ̀nba. Ha! Dàbínù ni mo gbọ́. Oyin ni mo gbọ́, àti igi tuntun bíi ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Mo fi sẹ́nu, ó sì kún ẹnu mi bámúbámú, ó rọra ń gbóná lọ sílẹ̀ láì ta mí lọ́fun. Mo wá orógbó inú àpò mi, mo rí i pé n kò nílò rẹ̀. Ẹ má sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ da Oníkọ́kọ́rọ́.

Oúnjẹ wọn náà kò burú bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́ fún wa. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní hágíìsì: ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù àgùntàn ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n rọ sínú àpòlúkù rẹ̀. Àwọn àlejò òyìnbó míràn ń yọ́ ọ jẹ, ojú wọn fún pọ̀. Èmi? Inú ẹran! Mo jẹ tèmi, mo jẹ ti Títí, mo béèrè ata. Wọ́n gbé ata gbígbẹ kan wá tí kò lè ta ọmọ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò rìn. Ìlú tí Kálọ́ọ̀mù ti kàwé girama ni ibẹ̀ yẹn, ilé ìyá àgbà rẹ̀ ló sì ń gbé nígbà náà. Mo bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, mo bá ẹni tó ni ilé ìtura sọ̀rọ̀, mo bá bàbá kan tó ń gbé ajá rẹ̀ ṣeré sọ̀rọ̀. Mo béèrè, mo tún gba ọ̀nà mìíràn béèrè. "Ènìyàn dáadáa ni wọ́n," ni gbogbo wọn ń sọ, wọ́n á sì yà sí ọ̀rọ̀ òjò. Ní Òmù-Àrán, wọn ì bá ti fún mi ní àga, kí wọ́n máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, "dáadáa ni wọ́n" ni ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Ganmo náà. Ara mi kò balẹ̀.

Erékùṣù tí wọ́n ti ń kíni

Orí omi ni a gbà dé Áílà, erékùṣù tí àwọn òbí Kálọ́ọ̀mù ń gbé. Ọkọ̀ ojú omi náà ń fi wá ṣeré lórí ìgbì, mo sì pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí èmi àti Alhaji jọ mọ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni mo rí ohun tó mú mi yọ̀. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá pàdé wa, awakọ̀ rẹ̀ sì gbé ọwọ́ sí wa. Mo rò pé ó mọ Kálọ́ọ̀mù ni. Òmíràn tún kọjá, ó gbé ọwọ́. Bàbá orí katakata gbé ọwọ́. Obìnrin tó ń gbé lẹ́tà káàkiri gbé ọwọ́. Kálọ́ọ̀mù ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe, pé ẹni tí kò bá kí ènìyàn lójú ọ̀nà, àlejò ni. "Ẹ sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ fún mi," ni mo wí. Mo kí gbogbo ẹni tí a pàdé. Mo kí màlúù pẹ̀lú.

Wisikí ibẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ dúdú kan wà ní Áílà, koríko àtayébáyé ló rà tó di ilẹ̀ náà. Wọ́n máa ń gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a, wọ́n á sì fi dáná sábẹ́ ọkà báálì kó tó di ọtí. Èéfín náà á bá ọkà wọ inú ìgò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ ní ilé ìtura, mo rò pé yàrá tí wọ́n ti ń di egbò ní ọsibítù ló gbiná, tí ẹnìkan sì wá ń yan ẹja níbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, mo gbé e kalẹ̀. Mo bú u. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, mo tún gbé e. Èéfín yẹn kò kúrò lẹ́nu mi, ó ń mú mi rántí àwọn ohun tí n kò lè dárúkọ, mo sì fẹ́ mọ̀ wọ́n sí i. Kí a tó dìde, ife mi ti gbẹ. Ọtí tí ènìyàn bá jà kó tó fẹ́ràn, kì í ṣe ọtí ẹlẹgẹ́.

Tábìlì Yúwàn

Ilé funfun kan tó kọjú sí òkun ni ilé wọn. Bàbá Kálọ́ọ̀mù ń jẹ́ Yúwàn, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Mórágì. Yúwàn sígbọnlẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé òun ló ń yan àgbá tí ọtí inú rẹ̀ ti tó jáde ní ilé ìpọntí ìlú wọn. Mórágì di mọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ti se ẹja pẹ̀lú ata fún mi, ata gidi, Títí ló fi ránṣẹ́. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Yúwàn gbé ìgò kan jáde tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ó ní inú àgbá kan tí ọdún rẹ̀ jọ ti Kálọ́ọ̀mù ni ó ti wá, pé òun ti ń dúró de ọjọ́ tí òun yóò ṣí i. Ó bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife fún gbogbo wa, ó bu fún ara rẹ̀ náà. Ó kán omi díẹ̀ sínú rẹ̀. Ó gbé tirẹ̀ sí imú, ó dijú, ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀: èéfín, iyọ̀ òkun, ọsàn tó pọ́n jù. Ó wá gbé ife náà kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu," ló wí.

Mo dúró.

Nílé wa, ẹni tó bá gbé ọtí kalẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fẹnu kàn án lójú gbogbo ènìyàn, kí àlejò tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó fi ń sọ pé inú òun mọ́, pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ta ọtí fún mi lọ́nà, òǹtajà ni wọ́n, n kò bá wọn ka àṣà. Ṣùgbọ́n láàárín àna sí àna, kò ṣeé fò.

"Àna mi," ni mo wí pẹ̀lú ẹ̀rín, "ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ mu."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá o, àlejò ni yín."

"Torí pé mo jẹ́ àlejò ni. Ẹ mu, kí n mu."

Mo rí i pé Kálọ́ọ̀mù ti sọ orí kalẹ̀. Mórágì fi ọwọ́ lé apá ọkọ rẹ̀. Títí pè mí jẹ́jẹ́, "Bàbá mi," mo sì fi ojú sọ fún un kó dákẹ́. Ẹni tó bu ọtí tó kọ̀ láti tọ́ ọ, èwo ni kí n rò? Mo ti ti ife mi sẹ́yìn díẹ̀.

Yúwàn gbé ife rẹ̀ sókè. Ó gbé e dé àyà, ó sì tún gbé e kalẹ̀.

"Mi ò lè mu ún," ló wí. "Tí mo bá mu èyí, màá mu ìgò náà tán. Tí mo bá mu ìgò tán, màá wá òmíràn. Ọ̀mùtí ni mí. Imú nìkan ni mo fi ń ṣiṣẹ́ mi báyìí."

Kò sí ẹni tó bi í, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní nígbà tí Kálọ́ọ̀mù wà ní kékeré, òun lọ mú un ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, òun mutí, òun sì sùn lọ nínú ọkọ̀ létí ọ̀nà. Ọmọ náà dúró nínú òjò títí aládùúgbò fi rí i. Mórágì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní àríwá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. "Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹnu kàn án mọ́," ló wí. "Títí mọ̀. Mo ní kó má sọ fún yín. Mo ní ẹnu èmi ni ẹ ó ti gbọ́ ọ."

Mo dìde, mo jáde síta.

Ẹ̀yìn ilé

Òkun ń pariwo. Títí tẹ̀lé mi, ó dúró lẹ́yìn mi, kò sún mọ́ mi. Kò bẹ̀ mí. Ì bá sàn kó bẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n rán mi wá wò, mo ti rí i: ọ̀mùtí nínú ìdílé. Fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, mo ti sọ pé kò dáa rí, ìyàwó náà kò sì wọlé. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo pe Alhaji.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o. Ọ̀mùtí ni bàbá ọmọ náà."

"Subuhanallahi. Ó ń mu ún lọ́wọ́ báyìí?"

"Rárá. Ó ti jáwọ́. Ó ti pẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ? Aládùúgbò?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Níwájú ìyàwó, níwájú ọmọ. Mo ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò, ló bá sọ ọ́."

Mo gbọ́ bó ṣe ń fa àga sún mọ́ ara rẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí, "gbogbo àdúgbò yẹn ní Ganmo ni wọ́n yìn wọ́n fún wa. Ta ló jókòó níwájú rẹ níbẹ̀ tó sọ pé, ohun tó ń ṣe mí rèé? Láti ìgbà tí o ti ń wádìí, nínú gbogbo Ìgbómìnà, ta ló ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ti ilé rẹ̀ fún ọ rí?"

Mo wá a nínú ọkàn mi. N kò rí ẹnì kan.

"Àti pé kí ló dé tó o fi ń fi ọtí há ẹni ẹlẹ́ni lọ́fun? Ṣé èmi máa ń mu ni, tí àna bá dé?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọlé lọ jàre. Òtútù á mú ọ."

Mo yíjú sí Títí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìborùn rẹ̀ kiri. "Jẹ́ ká wọlé," ni mo wí. Kò mọ ohun tó wà nínú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo bó ṣe ń tẹ̀lé mi.

Ife Yúwàn

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Alhaji sọ. Kì í fẹnu kan ọtí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni olórí ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọtí àna ti ń jáde. Bí àna bá dé, á gbé ìgò sókè, á ṣe àdúrà sí i, á sì na ife tirẹ̀ sí mi. Èmi ni mo máa ń bá a mu ún. Kò sí àna tó bínú rí, torí ẹnu kan náà ni ẹnu ọmọ ìyá. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé kò lè ṣe é. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò.

Ibi tí a fi wọ́n sí ni wọ́n ṣì jókòó sí. Ẹnì kankan kò fọwọ́ kan ife. Yúwàn fẹ́ dìde, mo ní kó jókòó. Mo kọjá ife tèmi, mo na ọwọ́ ọ̀tún sí tirẹ̀, mo gbé e kúrò níwájú rẹ̀. Mórágì sáré dìde dé ìdajì, ó rò pé mo fẹ́ fi dandan fún un mu.

"Ní Òmù-Àrán," ni mo wí, "tí onílé kò bá lè mu ọtí rẹ̀, ará ilé rẹ̀ ló ń bá a mu ún."

Mo gbé e dà sẹ́nu. Èéfín kọ́kọ́ wọlé, iyọ̀ tẹ̀lé e, ọsàn yẹn sì dé lẹ́yìn wọn bí ó ṣe wí. Mo gbọ́ tí nǹkan dún lórí ilẹ̀ pákó. Títí ni, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kálọ́ọ̀mù ti dìde. "Kí ni ọ̀rọ̀ bàbá túmọ̀ sí?"

"Ó ti gbà," ni Títí wí. "Ó ti gbà."

Yúwàn gbé ojú sókè. Omi ti kún un. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó wá bi mí bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀: "Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Mo ní kó má bi mí. Mo ní tiẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu yẹn, kó jẹ́ kí n jókòó, kí èmi náà mu tèmi.